Ayùn tí Jẹnẹrétọ̀ Ilé Lè Gbé

Ní ìlú Ìgbájọ, lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa, ni Oyèbámijí télọ̀ ń gbé. Aṣọ ló ń rán jẹun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ igi ni ayọ̀ rẹ̀. Bó bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, á máa kan àpótí àti àga. Ẹ̀yin ọmọ mi, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, àdúrà rẹ̀ sì gbóná, ṣùgbọ́n àlébù kan ń bá a fínra: ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun ńlá. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá ra àga, òun á wá èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, bí kò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà.

Ní ọdún tí a kọ́ ilé ìjọsìn tuntun, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní òun ni òun máa kan pẹpẹ ìwàásù, pé ọrẹ òun sí Olúwa nìyẹn. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ayùn ọwọ́ ló fi gé igi tó yí ojú pẹpẹ náà ká, igun kò bá igun mu. Nígbà tí Bàbá Ìjọ wá wò ó, ó ti ìka bọ àárín igi méjì tó pàdé ní igun, ìka náà sì wọlé.

“Oyèbámijí,” ó ní, “ìka mi wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Tún un ṣe. Bí kò bá dára kí ọjọ́ ìyàsímímọ́ tó dé, a ó lọ ra èyí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ ní Òṣogbo.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn fẹ́ já sí asán.

Lòun àti ìyàwó rẹ̀, Mopélọ́lá, bá gba ọjà àwọn tó ń ta irinṣẹ́ lọ. Ayùn oníná tó ń gé igi ní igun ni wọ́n fẹ́ rà. Múráínà oníṣọ́ọ̀bù gbé méjì síta, kékeré kan àti ńlá kan tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ bíi tíréè. Irú ńlá yìí gan-an ni Láwuyì aládùúgbò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Múráínà fi iná jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣọ́ọ̀bù sí i, ayùn náà bú ramúramù.

“Èyí ni!” Oyèbámijí kígbe. “Bá mi dì í.”

Mopélọ́lá fà á létí aṣọ. “Bàbá Ìbídùn, ẹ̀rọ tiwọn ló gbé e yẹn. Ṣé tiwa á gbé e?”

“Kí lo mọ̀ nípa ayùn?”

“N ò mọ nǹkan kan nípa ayùn. Jẹnẹrétọ̀ wa ni mo mọ̀. Bí mo bá ti fi áyọ́ọ̀nù sí i, ṣé kì í kú ni? Àbí kí ló dé tó jẹ́ pé eléèédú la ṣì fi ń lọ aṣọ oníbàárà?”

Oyèbámijí ti la ẹnu láti bínú, àfi bí Ẹ̀mí ṣe sọ̀rọ̀ sí i lọ́kàn. Ó rántí ọmọ darandaran tí ọba gbé ìhámọ́ra tirẹ̀ wọ̀, kó tó lọ pàdé òmìrán. Ìhámọ́ra ọba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò gbé e. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó mú kànnàkànnà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, Ọlọ́run sì fi ṣẹ́gun fún un.

“Múráínà,” ó ní, “má tíì dì í. À ń bọ̀.”

Wọ́n padà sílé, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn sórí ọ̀kadà, wọ́n tún gba ọjà lọ. Àwọn ènìyàn ya bò wọ́n.

“Ẹ wá wo télọ̀ tó gbé iná wá sọ́jà!”

“Bàbá, ṣé ó ní kí ẹ gbé òun wá kí wa ni?”

Oyèbámijí fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó fi ayùn ńlá sí i. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó rú èéfín dúdú, ó kú fin-ín. Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Oyèbámijí náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ìgbéraga rẹ̀ bá jẹnẹrétọ̀ náà kú níbẹ̀. Ó tún un tàn, ó fi ayùn kékeré sí i. Jẹnẹrétọ̀ kérora díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó gé pákó méjì, ó fi ẹnu wọn kanra, ó gbé wọn sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò gba àárín wọn.

“Èyí ni tèmi,” ó ní. “Ògo ni fún Olúwa.”

Láwuyì rí i bó ṣe ń gbé e wọlé. “Télọ̀! Kí lèyí? Ṣé ìrèké lo fẹ́ máa gé ni?”

“Bó bá ṣe ìrèké náà ni, á gé e, ọ̀rẹ́ mi.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná ìjọba lọ, tí kò padà wá. Ayùn ńlá Láwuyì, tí jẹnẹrétọ̀ ilé rẹ̀ kò lè gbé, jókòó sábẹ́ tapólì, adìẹ yé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìnkùlé Oyèbámijí, orin ayùn kò dá bó ti ń tún igi pẹpẹ gé. Kò pẹ́ tí Láwuyì fi ru igi férémù ilẹ̀kùn wá, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú.

“Télọ̀, jọ̀ọ́, ayùn ìrèké yẹn... ṣé ó lè bá mi gé èyí?”

Oyèbámijí kò fi í ṣẹ̀sín. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún un, ó sì gé e dáadáa.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ dé. Bàbá Ìjọ gun orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kó tó ṣí Bíbélì, ó na ìka, ó ń wá àlàfo láti igun dé igun. Mopélọ́lá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Bàbá wá gbé ìka náà sókè, ó kígbe pé, “Ẹ̀yin ará, ìka mi kò rí ọ̀nà!”

Halelúyà tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Télọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ jó dé iwájú pẹpẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ojú aládùúgbò ra ohun tí ọwọ́ tiyín máa lò. Ẹ wo agbára tí Ọlọ́run fi sílé yín, ẹ mú èyí tó lè gbé, ẹ sì dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹni tó bá ń bá yín sòótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá sì mọ ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀, oorun ayọ̀ ni yóò sùn.