Ṣáláńgá Tuntun

Ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún oṣù, Bàbá Wassiou á gun ọ̀kadà zémìjàn láti Manigri lọ sí Bassila, á lọ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ìjọba wọn òwú. Kì í dé báńkì. Ọdún méje sẹ́yìn ni Ganiyatou, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bá a ṣètò rẹ̀ pé kí owó náà máa gba orí fóònù wọlé, kí bàbá òun yé tò nínú oòrùn. Husseini tó ní kíósì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà á ka ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún fránkì lé e lọ́wọ́, á kí i, á sì tètè yíjú sí ẹlòmíì.

Ti Saliou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọn òwú, kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tiẹ̀ a máa pẹ́. Ọdọọdún ló sì ń lọ sí mẹrì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lọ gba ìwé ẹ̀rí pé òun ṣì wà láàyè, kí wọ́n má baà dá owó òun dúró. Ìwé yìí máa ń rí Bàbá Wassiou lára.

"Kí n lọ dúró níwájú ọmọ tí mo bá bàbá rẹ̀ ṣeré, kí n máa sọ fún un pé mi ò tíì kú? Ṣíọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò padà lọ mọ́. Owó mi ò sì yẹ̀ rí."

"Orí rẹ dáa ni," Saliou wí.

"Iṣẹ́ tí mo ṣe dáa ni."

Owó yẹn ló fi ń jẹun, òun ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ló sì ń fi yan láàárín ẹgbẹ́. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé òun ò ní jẹ owó ọmọbìnrin tó ti wọlé ọkọ láéláé. Kí àna máa bọ́ èèyàn, ebi sàn jù ú lọ.

Nínú oṣù kẹta, nígbà tí kajú ń já bọ́, Ganiyatou wá láti Kútọnù. Wọ́n jọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo fóònù rẹ̀. Bàbá Wassiou yọjú wò ó, ó rí ìlà pupa kan tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Owó tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni, Bàbá. Àwa púpọ̀ la da owó pọ̀ sínú àpò kan, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ sì ń bá wa fi ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ Éṣíà. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ lóṣù yìí. Ó máa gòkè."

Bàbá Wassiou tutọ́ sílẹ̀.

"Àáró ni mo mọ̀. Bí mo bá Saliou kọ ebè iṣu lónìí, á bá mi kọ tèmi lọ́la. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ilé rẹ̀. Ta lo mọ̀ ní Ṣáínà? Ìgbà wo ni ará Fiẹtinámù máa wá kọ ebè tìẹ? Àwọn náà ló ń ra kajú wa ní ọ̀pọ̀, wọ́n á lọ fọ́ ọ lọ́hùn-ún, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, àwa á tún máa rà á ní Bassila bí ẹni ń ra wúrà. Àwọn lo wá kó owó ìyá rẹ fún."

"Èrè wà níbẹ̀, Bàbá. Oṣooṣù ni mo ń mú nínú ẹ̀."

"Èrè kí ni? Kí lo gbìn? Kí lo rù? Èlé ni, ìdọ̀tí sì ni."

Ganiyatou wolẹ̀. "Ẹnu tó ń jẹ nínú ẹ̀ ju tèmi lọ."

"Kí ẹnu ọ̀hún lọ wá iṣẹ́ ṣe. Àgbàlagbà tó bá ń jẹ irú ẹ̀ kò nítìjú."

Bàbá Wassiou kò tíì sọ tán.

"Irú owó yẹn kì í wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ààfáà ti sọ fún wa, ṣáláńgá nìkan ni wọ́n ń fi kọ́. Ti mọ́sálásí wa sì ti wó. Kó gbogbo ẹ̀ jáde, kí o fi kọ́ ọ."

"Àti ojú owó tí ìyá mi fi sílẹ̀?"

"Ó ti bá ìdọ̀tí pọ̀. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ di Jímọ̀ tó ń bọ̀, má fi mí pe bàbá mọ́."

Ganiyatou kúnlẹ̀. "Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Ó dìde, ó gbé fóònù rẹ̀.

Kí Jímọ̀ tó pé, owó ti dé ọwọ́ àwọn bíríkìlà. Bàbá Wassiou fúnra rẹ̀ ló dúró tì wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ihò mẹ́fà ni wọ́n gbẹ́, wọ́n da kọ̀ǹkéré sí i, wọ́n fi páànù tuntun bò ó. Saliou ní àwọn ará Éṣíà ti wá san àáró wọn ní Manigri. Nígbà tí imáàmù dúpẹ́ lẹ́yìn ìrun, Bàbá Wassiou yínmú.

"Ẹ má dúpẹ́. Ibi tó yẹ ẹ́ ló dé."

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gun zémìjàn lọ sí Bassila. Husseini wo fóònù rẹ̀ títí. Ó ní owó kò tíì dé. Bàbá Wassiou padà lọ ní ọjọ́ keje, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹwàá, oògùn rẹ̀ ti tán, ojú rẹ̀ sì ti le. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì kíósì náà.

"Ọ́fíìsì wo ló ń fi owó mi ránṣẹ́? Ka orúkọ wọn fún mi, kí n lọ bá wọn níbẹ̀ lónìí."

Husseini wo ojú bàbá náà, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

"Ganiyatou ni, Bàbá, ọdún méje rèé, òun nìkan ló ń fi ránṣẹ́, láti inú owó tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀."