Kásẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́sẹ̀ Rírọ

Ẹlẹ́rù ní í gbé e ká tó bá a ké ọfẹ.

Rọpárọsẹ̀ wọ ilé Tíṣà Kọ́mọláfẹ́ ní Ọ̀sí.

Dókítà Ìlọrin fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó sọ sínú rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ nílé.

Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹsẹ̀ ní etí ni?"

Ṣògo ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Bàámi, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà gan."

"Àdúrà là ń gbà nílé yìí. A ò fẹ́."

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ń bẹ̀rù kásẹ́ẹ̀tì.

Tíṣà dìde fìà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sípàdé ní Ìlọ́fà.

Leah ìyàwó rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ohun tó fẹ́.

Ó gbórí sókè lórí ẹní. "Ṣògo, bá mi ki kásẹ́ẹ̀tì yẹn bọ rédíò."