Nọ́ńbà Tó Bára Mu

Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yìí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà wọn bá bára mu, wọn á pè é ní dókítà. Bí kò bá bára mu, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ti bá omi lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo yàrá ìwádìí ń pè é, torí òun ló dàgbà jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè ka tirẹ̀ parí. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Àbúrò ló máa ń sọ ọ́ kiri.

Jẹ́ẹ̀lì kan ló ń wá, ohun tó rọ̀ bí ọṣẹ tí omi ti wọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ lè fi dí ọgbẹ́ inú ikùn níbi tí abẹ́rẹ́ kò lè dé. Kí ẹnikẹ́ni tó po ó, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán an wò: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún tíntìntín tó di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú omi, kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò bóyá ọwọ́ wọn á já. Ooru ni ọ̀tá irú jẹ́ẹ̀lì yìí. Nínú òtútù, àwọn èérún á di ara wọn mú ṣinṣin. Tó bá ti di ooru ara ènìyàn, ìyẹn 37, wọ́n á tú ká. Ṣùgbọ́n ti Ẹ̀gbọ́n kò tú. Nínú ọgọ́rùn-ún ọwọ́, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni kò já. Lọ́jọ́ tó rí i, ó pariwo débi pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Kọ̀ǹpútà tó fi ṣe é ti gbó kọjá ẹ̀gàn. Fáànù inú rẹ̀ ń hanrun, igun ojú rẹ̀ ti là, bọ́tìnì 3 rẹ̀ kì í dáhùn àfi béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ojúgbà rẹ̀ máa ń sọ pé owó ìfẹ̀yìntì ló kù tí kọ̀ǹpútà náà ń retí. Kó má bàa kú mọ́ ọn lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n ti fi ẹ̀dà gbogbo fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, pé kó bá òun tọ́jú wọn.

"Ta ló máa tún un ṣe?" Ìyá Onígíláàsì, olórí àwọn olùdánwò, ló béèrè.

"Àbúrò mi ni, mà. Yunifásítì kejì ló wà. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ ìṣirò yìí nítòsí."

"Àbúrò rẹ kẹ̀? Ọmọ ìyá rẹ?"

Olùkọ́ kan bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Adájọ́ là ń pè é. Mo ṣèèṣì fi máàkì méjì kún tirẹ̀ nígbà tó ń kàwé níbí, ó gbé ìwé padà wá bá mi, ó ní kí n yọ ọ́."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fojú kan fáìlì rẹ. Ìwé ètò iṣẹ́ nìkan ni kó gbà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo nọ́ńbà. Bí èsì rẹ̀ bá fi méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀, kò burú."

Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án, fóònù Ẹ̀gbọ́n dún.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ìwé ètò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yìí péye?"

"Ó péye. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

"Ṣé ó ti parí ni?"

"Kò tíì parí. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Oúnjẹ wo? Má já mi láyà o. Bó bá ṣe rí ni kó o sọ ọ́."

"Ẹ má mikàn. Ẹ lọ jẹun."

Ẹ̀rù ba Ẹ̀gbọ́n gidi gan-an.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Adájọ́ gbé àpòòwé tó ti lẹ̀ pa dé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá Onígíláàsì fa àpòòwé ya. Ó kà á, ó tún un kà. Ẹ̀gbọ́n ń wo ètè rẹ̀.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún," ni ó wí.

Àtẹ́wọ́ sọ. Omijé bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n, ó sáré lọ di àbúrò rẹ̀ mú.

"O ṣeun, ọmọ ìyá mi. O ṣeun."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é fún mi."

"Ọwọ́ rẹ mà tutù."

"Atẹ́gùn ọ̀nà ni."

Ìyá Onígíláàsì ti ṣí bíírò rẹ̀. "Kí n tó fọwọ́ sí i, fi pirojẹ́tọ̀ gbé fáìlì rẹ sára ògiri fún wa, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn yìí rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́." Tayọ̀tayọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n fi ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ iye èérún, ìkejì jẹ́ iye omi.

Lórí ìlà kẹta, níbi tó yẹ kí 37, ooru ara ènìyàn tí ìwé ètò kọ, wà, 7 nìkan ló dá dúró, 7 tó tutù bí omi fíríìjì. Ìyá Onígíláàsì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kò wo Ẹ̀gbọ́n rárá, ó yíjú sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ní, "Adájọ́, ìwọ tó o fọwọ́ ara rẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà, mélòó lo tẹ̀ síbí?"