Agogo Inú Ẹ̀rọ Ifọ̀

Ládélé purọ́ mọ́ Nọ́ọ̀sì Mùnírátù, wọ́n sì tìtorí irọ́ náà lé obìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 2006 ni. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka ní Mówè àti ní Ifọ̀. Ládélé, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, ló so sáfà ẹ̀ka méjèèjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wọn wà, pọ̀, kí ohun tí wọ́n bá kọ sábẹ́ orúkọ aláìsàn nínú ọ̀kan lè máa dé inú èkejì. Bí àkọsílẹ̀ méjì kò bá bára mu, èyí tí déètì rẹ̀ jẹ́ tuntun ni ẹ̀rọ máa ń mú. Á sì pa èkejì rẹ́.

Bátìrì kékeré tó ń gbé agogo inú sáfà Ifọ̀ ró ti kú. Bí NEPA bá ti mú iná, agogo á padà sí ọdún 2000.

"Ẹ̀ńjiníà, ẹ̀rọ yín tún ti sá padà o," Mùnírátù sọ fún un lórí fóònù.

"Màá wá pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ ní Mọ́ńdè, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Mọ́ńdè ọdún wo? Tiwa níbí ṣì jẹ́ 2000."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mọ́ńdè mẹ́ta kọjá, Ládélé kò lọ.

Lásìkò náà ni Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀. Ọ̀fun ń dùn ún. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì, gbogbo ara rẹ̀ sì wú. Mùnírátù kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fún un mọ́ láéláé. Déètì ọdún 2000 ni ẹ̀rọ fi sí i. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó wà ní Mówè borí rẹ̀, ó sì pa á rẹ́.

Nígbà tí ọ̀fun tún ń dun ọmọ náà ní Mówè, Mọ́láyọ̀, ìyá rẹ̀, tí kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó mú ara rẹ̀ wú, ní kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ ní Ifọ̀. Ládélé ti fi dá a lójú pé wọ́n á rí i. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ wò ó, kò rí nǹkan kan, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Dárasími ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, Ládélé lọ sí Ifọ̀, ó pààrọ̀ bátìrì. Lẹ́yìn náà ni Dókítà Hàkímù, ọ̀gá ilé ìwòsàn, pe òun àti Mùnírátù.

"Nọ́ọ̀sì ò kọ ọ́ ni, sà," Ládélé sọ.

"Ẹ̀ńjiníà, ẹ wojú mi," ni Mùnírátù wí. "Ṣé mi ò kọ ọ́?"

Ládélé wolẹ̀. Dókítà kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kó máa lọ sílé, kó lọ sinmi. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n já ìwé lílọ fún Mùnírátù.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé kò kọ ọ́?" Mọ́láyọ̀ bi Ládélé.

"Kò kọ ọ́."

Mọ́láyọ̀ ní òun fẹ́ fojú kan obìnrin náà. Ládélé ló wakọ̀ gbé e lọ sí Ifọ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Láti inú ọkọ̀ ló ti ń wo Mùnírátù tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, tí Mọ́láyọ̀ sì ń pariwo lé e lórí pé, "Ìwọ lo pa á! Ìwọ lo pa á!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ládélé ní kí wọ́n bá òun ránṣẹ́ pe Mùnírátù wá sí Mówè. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn aláìsàn pé jọ sí àgbàlá ilé ìwòsàn. Mọ́láyọ̀ náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Ládélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Mùnírátù.

"Ẹ foríjì mí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, lójú gbogbo èèyàn, ẹ kọ ọ́, èmi ni mi ò pààrọ̀ bátìrì, kì í sì í ṣe torí kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo ṣe purọ́ mọ́ yín: mi ò mọ bí mo ṣe máa wọlé kí n sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni mo pa ọmọ wa."