Ariwo Tó Sọdá Títì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí títì kan ṣoṣo bá pín ìlú méjì níyà, ibo ni ariwo ti gbọ́dọ̀ dúró?

Ìyá Àgbà ò rí ẹni dá a lóhùn. Ìsọ̀ ìlagi, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ la pákó, wà ní òdìkejì títì, ó ń han láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní bí baba ò bá rí oorun ọ̀sán sùn, àwọn á dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kẹfà rèé, baba ò tíì fojú kan oorun.

Obìnrin awọnariwo tí kánsù rán wá gbé ẹ̀rọ kékeré kan sójú fèrèsé. Ó ka ìwọ̀n ariwo náà sí méjìdínláàádọ́rin.

"Àádọ́ta ni òfin tiwa, Ìyá. Èyí ti kọjá."

"Ó dáa. Lọ tì wọ́n pa."

"Ìlú kejì ni wọ́n wà, mà. Àádọ́rin ni tiwọn. Wọn ò ṣẹ̀."

"Ariwo yìí, ṣé ó gba ìwé ìrìnnà kó tó sọdá wá bá wa ni?"

Baba wúkọ́ nínú yàrá. "Ìyá àwọn ọmọ, má bá ọmọ ọlọ́mọ jà."

"Ẹ dákẹ́, kí ẹ sùn!"

"Etí wo ni kí n fi sùn?"

Ìyá Àgbà pòṣé. "Ayùn yẹn gan-an, eyín rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n bá pọ́n ọn, ariwo á dín."

Awọnariwo kọ ẹ̀sùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

"Kí lo fẹ́ kà? Látọjọ́ tí mo ti ń tẹ̀wé, ta ló ka ìkankan fún mi rí?"

Ó ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́. Àpá kan la ojú àtàǹpàkò náà sí méjì lórí ìwé, gbọnrangandan bíi títì.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, mà?"

"Iṣẹ́ àtijọ́ ni, ayùn ló ya á."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì sọdá lọ sí kánsù ìlú kejì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí Ìyá Àgbà pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà!" Inú ń bí i, ó kọjá wọlé.

Akọ̀wé àgbà kan gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ awọnariwo, ó wá tú fáìlì eléruku kan. "Àádọ́ta ni tiwa náà tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni onísọ̀ ìlagi kan mú ìwé wá, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di àádọ́rin kí wọ́n má bàa ti ìsọ̀ òun pa."

"Olóríburúkú wo nìyẹn? Kò rò ó pé aláìsàn lè wà ládùúgbò? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi!"

Akọ̀wé wo fáìlì, ó wo ìwé ẹ̀sùn. Ó tún wo fáìlì.

"Mo ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀!"

Akọ̀wé tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú Ìyá Àgbà, ti àná àti ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àtàǹpàkò kan náà lábẹ́ wọn, àpá kan náà ló là á sí méjì, ó sì rọra wí pé, "Ẹ̀yin ni, Ìyá Onípákó."