Téèpù Kì Í Parọ́

Ìyá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó tíì rí ọrùn rẹ̀ láìsí téèpù níbẹ̀ lójúmọmọ. Kò sí oníbàárà tí ara rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn tó sanra, ó ní wọn ò lè kó ẹnu wọn ní ìjánu. Àwọn tó fẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní orí wọn ló dàrú. Kì í wo téèpù títí. Yóò yí i mọ́ èèyàn ní ìbàdí, yóò wo ibi tó ti pàdé, yóò pe nọ́ńbà, ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá fẹ́ gé aṣọ, yóò ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, yóò sì pín nọ́ńbà ìbàdí sí mẹ́rin.

Ọmọ náà ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga wálé fún ìsinmi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Bó bá rán aṣọ tó ya pọ̀, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í hàn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìyẹn, kò sì kọ́ ẹlòmíì. Òun náà ló ń ká téèpù sínú agolo bí wọ́n bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì kan mú yunifọ́ọ̀mù wá kí wọ́n bá a ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ há etí aṣọ náà mọ́ra. Nọ́ọ̀sì wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo súẹ́tà tó wọ̀ nínú ooru, ó sì dúró títí ọmọ náà fi kọjá sí yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ọmọ yìí ń jẹun?"

"Kí ló dé tí kò ní jẹun? Ta ló sọ fún yín pé a ò rí jẹ?"

"Kì í ṣe àìríjẹ, mà. Àìsàn ọkàn kan wà tí kì í jẹ́ kéèyàn jẹun, bí abọ́ tilẹ̀ kún níwájú rẹ̀. Mò ń rí wọn ní wọ́ọ̀dù wa." Ó fa bébà kan ya, ó kọ orúkọ dókítà kan sí i.

Ìyá Téèpù yọ ṣùtì. "Àìsàn àwọn ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe tilé wa. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn yẹn bọ́ nínú ìṣẹ́ tán, wọ́n wá ń fowó wá ebi kiri."

"Kì í béèrè irú ilé tó jẹ́ kó tó wọlé, mà. Mo ti rí ọmọ olówó, mo ti rí ọmọ alábàárù."

"Ó dáa. Ní Sátidé, n ó wọn ìbàdí rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Téèpù kì í parọ́."

Kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti yàrá ẹ̀yìn.

Nígbà tí Sátidé pé, ṣọ́ọ̀bù kún. Ìyá Téèpù yí téèpù mọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìbàdí, ó sì kígbe nọ́ńbà rẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ṣí ìwé ọdún tó kọjá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ló wà níbẹ̀. Ó mú bébà nọ́ọ̀sì, ó fi nu epo lára ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà á gbé apá sókè kí wọ́n tó ní kó gbé e, á máa wo ògiri. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ohun tí téèpù bá sì ti sọ, ojú Ìyá Téèpù kì í bá a jiyàn.

Láàárín oṣù kan, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tíṣà kan dá gáùn rẹ̀ padà, ó ní ó fẹ̀ jù fún òun.

"Gígùn rẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Téèpù bi í.

"Gígùn rẹ̀ pé."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló ṣì, ṣé gígùn á pé kí fífẹ̀ wá lé? Ẹ̀yin lẹ jò. Ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ yéé fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Lẹ́yìn tíṣà, akọ̀wé báǹkì kan dé, lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin tó ń ta bàtà. Gbogbo wọn ló lé jáde pẹ̀lú ẹ̀gàn. "Àìsàn tí nọ́ọ̀sì ń sọ ti wọ àdúgbò," ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Ilé tèmi nìkan ni kò yà."

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì wá gba síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ó wọ̀ ọ́, síkẹ́ẹ̀tì sì já bọ́ sílẹ̀. Ìyá Téèpù pàtẹ́wọ́.

"Ó ti ràn yín!"

"Mo gun ìwọ̀n láàárọ̀ yìí, mà. Mi ò jò rárá."

"Ìwọ̀n yín ló parọ́."

Síkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni nọ́ọ̀sì ń wò. Kọ́tìnnì ló ń wò. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ìyá wa. Ọkàn ẹni tí kì í jẹun lè dá dúró lójijì. Dókítà yẹn ṣì ń retí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé mi lónìí, mo bẹ̀ yín."

"Ẹni tí kò fi íńṣì kan dín? Ẹ tọ́jú ara yín ná."

"Ó dáa. Ẹ wọ̀n mí, kẹ́ ẹ wo bí mo ṣe jò tó."

Tayọ̀tayọ̀ ni Ìyá Téèpù fi yí i mọ́ ọn. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ṣí ìwé. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, síkẹ́ẹ̀tì sì ń bẹ nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, ìró ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá Téèpù na téèpù sórí tábìlì, ó ń fi àtàǹpàkò tọ àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn mẹ́rìnlá, mọ́kàndínlógún ló kàn, níbi tí wọ́n ti gé íńṣì mẹ́rin kúrò tí wọ́n sì fi ojú abẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí kì í hàn rán an pọ̀, irú èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló fi kọ́ láyé rẹ̀.