Fáìlì Ẹ̀sùn Ohùn-Iyọ̀

Lẹ́tà tí àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn kọ sí Ohùn-Iyọ̀, àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, kò gùn. Ọjọ́bọ̀ ni òṣìṣẹ́ wọn máa wá. Tí Ohùn-Iyọ̀ kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé èèyàn ṣì ń gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò rẹ̀, wọn ò ní sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun mọ́.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, odindi fáìlì kan. Òfin àjọ náà ni pé gbogbo ẹ̀sùn tí olùgbọ́ bá mú wá gbọ́dọ̀ wọ fáìlì, kí ilé iṣẹ́ sì fèsì sí i lórí afẹ́fẹ́ kí ọjọ́ méje tó pé. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kù ń gbàdúrà kí fáìlì tiwọn ṣófo. Ohùn-Iyọ̀ ní tiẹ̀ ń nu eruku kúrò lára tirẹ̀ láràárọ̀.

Ó nídìí. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ṣẹ́kù sí yàrá tó fi ṣe ilé iṣẹ́ náà. Òun ló ń ka ìròyìn, òun ló ń fi orin sí i, òun náà ló ń gbálẹ̀. Nígbà kan, fóònù wọn kì í sinmi. Àmọ́ lẹ́yìn ìjì ńlá tó ká òrùlé àwọn ará àdúgbò lọ lọ́dún tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè mọ́. Ó ní bóyá tẹlifíṣàn ló ti kó wọn lọ. Ó dùn ún dé egungun. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé yàtọ̀ sí “ẹ káàárọ̀” tó fi kí àwọn olùgbọ́, kò kí ẹ̀dá alààyè kankan títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò tiẹ̀ ní rédíò tó lè fi gbọ́ ara rẹ̀, torí rédíò tó bá sún mọ́ máìkì, híhan ló máa ń han. Iná ara ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń tàn, ìyẹn ti tó o.

Oṣù kan lẹ́yìn ìjì náà ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Látìgbà yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí òmíràn kì í dé. Kò sí orúkọ níbẹ̀. “Olùgbọ́ yín” ni wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá.

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Káàsán, ọmọ mi. Jókòó.”

Àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ han bó ṣe jókòó. Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń dún. Obìnrin náà yíjú síbẹ̀.

“Aránṣọ ni,” ni Ohùn-Iyọ̀ wí. “Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Bí mo bá ti fẹ́ ka ìròyìn báyìí, ó máa dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. N ò bẹ̀ ẹ́ rí o. A ò sọ ju ‘ẹ ǹlẹ́’ síra wa lọ.”

Obìnrin náà ṣí fáìlì, ó ń kà á sókè. “‘Ẹ ní òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo káṣọ wọlé. Oòrùn ló ràn.’”

“Mo tọrọ àforíjì. Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí àga yín.’”

“Mo ti bu epo sí i. Kò gbọ́ràn ni.”

“‘Ikọ́ yín ti pọ̀ jù. Lánàá, látìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin rẹ̀ lẹ fi ń wúkọ́. Ẹ lọ gba oògùn.’”

Ohùn-Iyọ̀ rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó mi gan-an kì í dà mí láàmú tó báyìí. Mo sì lọ gbà á.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà ò tíì ṣí ìwé yẹn kọjá. “Bàbá, tí orin bá ń lọ, ṣé ẹ máa ń ṣí máìkì sílẹ̀ ni?”

“Èmi? Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́? Pípa ni mo máa ń pa á.”

Obìnrin náà pa fáìlì dé. Ó ní òun máa lọ gbọ́ ìròyìn aago méjì látinú mọ́tò òun, bí òfin ṣe sọ.

Ohùn-Iyọ̀ tan máìkì. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ó ka ìròyìn bí ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì jókòó tì í, ó ń fọkàn wo ohùn rẹ̀ bó ṣe ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó parí, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọ̀dọ́bìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ. Ó ní bóyá ó fẹ́ rán aṣọ ni.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Ó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó já ẹ̀dà kan fún un.

“Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Bàbá. Ẹ má dákẹ́ o.”

Ìgbà tó lọ tán ni Ohùn-Iyọ̀ wọ awò ojú rẹ̀. Ìwé àṣẹ: kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun. Ìrànwọ́: kí wọ́n fún un ní wáyà tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ fún òpó tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́. Èyí yà á lẹ́nu, torí kò ráhùn wáyà, àmọ́ ta ló máa kọ ohun ọ̀fẹ́? Olùgbọ́: ó kéré tán, ẹnì kan, tí kì í pa ìròyìn kankan jẹ. Ojú rẹ̀ kún fún omijé ayọ̀. Ó nù ún kó tó lè ka ìlà tó kẹ́yìn.

Ibi tí ohùn ilé iṣẹ́ yìí ń dé: yàrá aránṣọ tó wà lẹ́yìn ògiri, tí kò ní rédíò kankan; láti ọjọ́ ìjì, kò tíì dé ibòmíì.